Àgbá, Ikọ̀ àti Ìrànlọ́wọ́: Àyẹ̀wò Ìdásí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nínú Ọ̀ràn Ilẹ̀ Yorùbá, 1851 sí 1893

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn onímọ̀ òṣèlú kò tíì yé jiyàn lé lórí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba kan kó ọmọ ogun wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láti fòpin sí ìwà ibi tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ó rán ikọ̀ láti là á, kí ó sì fi ìrànlọ́wọ́ ti ìlàjà náà lẹ́yìn? Àwọn tí ó fara mọ́ ogun a máa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn a máa dáhùn pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọgbọ́n wà nínú òwe méjèèjì, ṣùgbọ́n òwe nìkan kò lè parí àríyànjiyàn tí kò bá sí ẹ̀rí lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń wá ẹ̀rí, ibi tí ojú sábà máa ń lọ ni Uganda ní 1979, Liberia ní 1990, Iraq ní 2003 tàbí Libya ní 2011. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́ ibi tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan ti dán ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò láàárín ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní 1851. Ó jẹ́ kí àwọn míṣọ́nárì àti oníṣòwò rẹ̀ gbé ìrànlọ́wọ́ lọ sí Abẹ́òkúta. Ó rán ikọ̀ sí àgọ́ ogun Kírìjì ní 1886. Ó sì tún fi ogun wọ Ìjẹ̀bú ní 1892. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni, ìdí tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn fi dá sí ọ̀ràn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: kí òwò ẹrú parí, kí ogun rọlẹ̀, kí ọ̀nà là. Nítorí náà, ìfiwéra tí ó ṣòro láti rí níbòmíràn wà níhìn-ín.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó fi wọn ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkíní, ta ni ó pe àlejò sí ọ̀ràn náà, ta ni ẹni tí ó pè é sì ń ṣojú fún? Èkejì, kí ni wọ́n ti gbìyànjú kí wọ́n tó gbé ìbọn, ìgbìyànjú náà sì ti pẹ́ tó? Ẹ̀kẹta, nígbà tí èéfín ìbọn túká, ta ni ó kù tí ó ń pàṣẹ?

2. Èkó, 1851: Àgbá

Kí a tó mọ ìdí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi wọ ọ̀sà Èkó, ó yẹ kí a wo ìjà oyè tí ó wà nílé. Akíntóyè jọba ní 1841. Ní 1845, Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lé e kúrò lórí oyè nínú ìjà tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómìrò. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn míṣọ́nárì àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Ó ṣèlérí fún wọn pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí ìtẹ́, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú ní Èkó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wọn, nítorí Èkó ni èbúté òwò ẹrú tí ó tóbi jù ní etí òkun yìí nígbà náà, Kòsọ́kọ́ sì wà lára àwọn tí ń jẹ èrè òwò náà.

Ìpè kan sì wà tí ó wúwo ju ti Akíntóyè lọ. Ní 1851, Àjàyí Crowther lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá Palmerston, mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, sọ̀rọ̀, ó sì dé iwájú Ọbabìnrin Victoria. Ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n dáàbò bo Abẹ́òkúta, tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ti kọlù ní oṣù kẹta ọdún náà, kí wọ́n sì ti ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà kó ẹrú jáde. Ó ṣòro láti fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ Crowther sẹ́yìn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àgbá lè gba ènìyàn là, òun ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ogun 1851 lẹ́bi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìdáhùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti fún àwọn tí ọkọ̀ ṣì ń kó lọ ní gbogbo ọjọ́ tí àwọn ikọ̀ fi ń jókòó sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ni ó mú ìdáláre yìí rọ. John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní etí òkun yìí láti 1849, rí Kòsọ́kọ́ sójú ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1851. Ó ní kí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti parí. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ dáhùn pé abẹ́ ọba Ìbíní ni Èkó wà, àwọn kò sì lè dá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdáhùn yìí lè jẹ́ àwáwí, ó sì lè jẹ́ òtítọ́. Beecroft kò dúró láti mọ èyí tí ó jẹ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà ni ìbọn àkọ́kọ́ dún. Ọjọ́ márùn-ún péré ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gbà. Wọ́n lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà lọ́jọ́ náà. Wọ́n padà wá pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá. Ìjà náà le. Kò dín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú, apá kan ìlú sì jóná. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìró àgbá ọjọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun náà ní Àgídìngbì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ kọ̀.

Ǹjẹ́ àgbá yìí ni ó pa òwò ẹrú ní Èkó? Ó ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú Èkó ni wọ́n ń kó lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1850 ni ìjọba Bràsíìlì sì ti ṣe òfin tí ó ti ọjà náà pa. Ìyẹn ni pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ogun tó wọ Èkó ni ẹni tí ń ra ẹrú jù ti ń kúrò lọ́jà. Òtítọ́ ní láti hàn níhìn-ín pẹ̀lú pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ èbúté Bràsíìlì ní 1850 wà lára ohun tí ó mú kí a ṣe òfin náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ipá kò ní ipa kankan nínú òpin òwò ẹrú kò sọ òtítọ́. Ohun tí ẹ̀rí fi hàn ni pé ibi tí ipá ti ṣiṣẹ́ jù ni ibi tí ó ti bá ìjọba tí ó lè ṣe òfin, tí ó sì lè mú un ṣẹ pàdé. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti fi ọba kan rọ́pò òmíràn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ti èyí lẹ́yìn. Akíntóyè kú ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba, ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ kò jẹ́ kí Èkó sùn. Láti Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ń dẹ́rù ba ìlú náà. Ẹni tí àgbá kò lè parí ọ̀ràn rẹ̀, ìwé ni ó parí rẹ̀: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bá a dá májẹ̀mú ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ jọ̀wọ́ Èkó àti òwò ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ kí ó máa ṣòwò rẹ̀ ní àlàáfíà níbi tí ó wà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ pé irú májẹ̀mú yìí ìbá ti ṣeé ṣe ní 1851. Ṣùgbọ́n ó dájú pé wọn kò dán an wò fún ju ọjọ́ márùn-ún lọ.

Ìbéèrè kẹta ni ó ń dun ọmọ Èkó jù. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, lábẹ́ ojú àgbá ọkọ̀ ogun Prometheus, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ọwọ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Baba pe àlejò kí ó gba òun lọ́wọ́ ọ̀tá. Ọmọ ni ó san owó ìpè náà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, olùrànlọ́wọ́ ti di onílé.

3. Abẹ́òkúta: Ìrànlọ́wọ́ àti ohun tí ó bà á jẹ́

Ní àkókò kan náà, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé lọ sí Abẹ́òkúta. Láti 1846 ni àwọn míṣọ́nárì C.M.S., Henry Townsend àti Crowther láàárín wọn, ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n mú kí àwọn ènìyàn gbin òwú fún títà, Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, sì ń fi ẹ̀rọ ìgbọ̀nwú ránṣẹ́. Èrò Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù, ni pé bí àgbẹ̀ àti oníṣòwò bá rí owó nínú òwú àti epo, kò sí ẹni tí yóò tún máa ta ọmọnìkejì rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1859 ni Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn. Nígbà ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, àwọn míṣọ́nárì C.M.S. àti ti Baptist kó àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní ìlú náà jọ, wọ́n sì kó wọn wá sí Abẹ́òkúta. Kò sí ìbọn kankan nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, èso wọn sì hàn sí gbogbo ènìyàn.

Àléébù wà nínú ìrànlọ́wọ́ yìí pẹ̀lú. Ẹni tí ń ran Ẹ̀gbá lọ́wọ́ ni Ìbàdàn ń wò bí ọ̀tá, nítorí kò sí ìrànlọ́wọ́ tí kì í fi ibì kan tẹ̀ nígbà tí ìlú méjì bá ń jà. Síbẹ̀, ohun tí ó fọ́ iṣẹ́ náà túútúú ti ìta wá. Lẹ́yìn 1861, àwọn Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé bí Èkó bá lọ báyìí, ta ni ó kù? Nígbà tí wọ́n dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀nà òwò, Gómìnà John Glover rán ọmọ ogun lọ bá wọn ní oṣù kẹta ọdún 1865, wọ́n sì fi ìbọn tú wọn ká. Láti ọjọ́ náà ni ojú tí wọ́n fi ń wo òyìnbó gbogbo ti yí padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, àwọn ará Abẹ́òkúta dìde, wọ́n wó ilé ìsìn, wọ́n ba ilé ìtẹ̀wé jẹ́, wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nárì òyìnbó jáde. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní.

Ìtumọ̀ èyí kò fara sin. Ohun tí ìrànlọ́wọ́ fi ogún ọdún kọ́, ìbọn Ìkòròdú àti gbígba Èkó wó o láàárín ọdún mẹ́fà. Àwọn tí ń jiyàn lórí ogun àti ìrànlọ́wọ́ a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ìjọba lè yan èyí lónìí kí ó sì yan ìkejì lọ́la. Ìtàn Abẹ́òkúta fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ kò ya ọwọ́ tí ó mú ìwé wá sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ tí ó mú ìbọn wá, nígbà tí ó jẹ́ pé ara kan náà ni ọwọ́ méjèèjì ti yọ.

4. Kírìjì, 1886: Ikọ̀

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti sú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí gbé idà sókè ní 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kó ogun jáde láti tẹ̀ wọ́n rì. Àgọ́ méjèèjì dojú kọ ara wọn láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìṣẹ́gun, láìpadà. Ìrànlọ́wọ́ wà níhìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ìbọn ni: àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Sierra Leone dé, ni wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn wọ̀nyí ni ó sọ ogun náà ní Kírìjì, gẹ́gẹ́ bí ìró àgbá ti sọ ti Èkó ní Àgídìngbì. Ìrànlọ́wọ́ yìí gba Èkìtì lọ́wọ́ ìparun, ó sì tún jẹ́ kí ogun náà pẹ́ sí i.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí gómìnà ní Èkó pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá là wọ́n. Ìpè yìí yàtọ̀ sí ti Akíntóyè. Kì í ṣe ìpè ẹni tí a lé lórí oyè tí ó ń wá agbára láti fi bá ọ̀tá jà. Ìpè ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ìhà sinmi ni, bí Aláàfin náà tilẹ̀ ní èrè tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjọba kò tètè dáhùn. Láti 1865 ni ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti dábàá pé kí ìjọba má ṣe gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Lọ́ńdọ́nù kò sì fẹ́ ná owó tàbí ẹ̀jẹ̀ sí ogun inú ìgbẹ́. J. B. Wood ti C.M.S. gbìyànjú ìlàjà ní 1884 àti 1885, kò yọrí. Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885.

Ní 1886 ni Gómìnà Alfred Moloney rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, Charles Phillips sí ọ̀dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo irú ikọ̀ tí wọ́n jẹ́. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ oríkì ìlú, wọ́n mọ bí a ti ń kí ọba àti bí a ti ń kí balógun. Wọn kò ní ọmọ ogun lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ní ni sùúrù àti ọ̀rọ̀ tí kò yí padà láti àgọ́ kan dé èkejì. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1886, ìwé àdéhùn jáde: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira, Ìbàdàn mú Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdà àti Igbájọ, àwọn Mọ̀dákẹ́kẹ́ yóò ṣí lọ sí ilẹ̀ tí ó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn aṣojú ìjọba, Henry Higgins àti Oliver Smith, wá sí àgọ́ láti kéde àlàáfíà. Wọ́n sun àgọ́ méjèèjì, àwọn ènìyàn tí ó ti bímọ, tí wọ́n sì ti sin òkú sí àgọ́ náà, padà sílé.

Kò yẹ kí a gbé àṣeyọrí yìí ga ju bí ó ti rí lọ. Àwọn Mọ̀dákẹ́kẹ́ kọ̀, wọn kò ṣí. Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà, ogun Ọ̀fà sì ń bá a lọ; àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kan ṣì wà ní Ìkìrun tí wọ́n dojú kọ Ìlọrin títí di 1893. Àwọn tí kò gba ìlàjà gbọ́ a sì máa béèrè pé bí ìjọba bá ti fi ogun dá sí i ní 1881, ẹ̀mí mélòó ni ì bá là ní ọdún márùn-ún tí ó tẹ̀ lé e? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn tí ẹ̀rí fi lélẹ̀ ni pé àdéhùn 1886 dúró níbi tí ó ti dúró nítorí pé àwọn tí ó fọwọ́ sí i fẹ́ kí ó dúró, ó sì wó níbi tí a kò ti bá onílé sọ ọ́ tàbí tí a ti fi ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́. Mọ̀dákẹ́kẹ́ ni ibi kan ṣoṣo nínú àdéhùn náà tí a ti ní kí ìlú kan fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti já. Òmìnira Èkìtì, tí gbogbo ìhà ti mọ̀ pé ogun ti sọ di òótọ́, kò tún sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án mọ́. Ìlàjà kì í dá ohun tuntun sílẹ̀. Ó ń fún àwọn tí ó ti rẹ̀ ní ọ̀nà láti sọ òtítọ́ tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n sọ.

5. Ìjẹ̀bú, 1892: Ìbọn lẹ́yìn ọ̀rọ̀

Ọ̀ràn Ìjẹ̀bú ni ó dà bí ẹni pé ó dá ogun láre jù, nítorí ọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí àlejò gba ilẹ̀ wọn kọjá. Àwọn ni alágbàtà láàárín etí òkun àti òkè, owó bodè sì ni agbára wọn. Ní 1891, Denton, adelé gómìnà, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjọba Èkó sọ pé wọ́n tàbùkù rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, ikọ̀ Awùjalẹ̀ wá sí Èkó, wọ́n sì gbà láti ṣí ọ̀nà. Ìjọba sì gbà láti máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó bodè. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n dá míṣọ́nárì kan tí ó fẹ́ kọjá padà. Gómìnà Gilbert Carter sọ pé àdéhùn ti bàjẹ́. Ní oṣù karùn-ún, Colonel F. C. Scott kó ọmọ ogun láti Gold Coast àti Èkó, pẹ̀lú àwọn ará Ìbàdàn díẹ̀, wọ Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, lẹ́bàá odò Yemọjí, nítòsí Ìmàgbọn, ìbọn Maxim gé àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú lulẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Àwọn tí ó gbóríyìn fún ogun yìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọ̀nà là. Ìjẹ̀bú, tí kò gba míṣọ́nárì kankan láyè, di ibi tí àwọn ènìyàn ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí rẹpẹtẹ láàárín ọdún díẹ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ sì gbilẹ̀. Lẹ́yìn Ìmàgbọn, kò sí ìlú tí ó tún fẹ́ bá Maxim jà: ní 1893, Carter rìn yí ilẹ̀ Yorùbá ká, ó bá Abẹ́òkúta ṣe àdéhùn ní oṣù kìíní, ó bá Ọ̀yọ́ ṣe é ní oṣù kejì, ó sì tú àgọ́ Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ká ní oṣù kẹta. Ohun tí àwọn àlùfáà méjì kò lè parí ní 1886, òjìji Ìmàgbọn parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí ẹ̀sùn náà jẹ́. Òwò ẹrú kọ́ ni ẹ̀sùn tí ó gbé ogun lọ sí Ìjẹ̀bú, ìpànìyàn kọ́. Ọ̀nà ni, àti ẹ̀tọ́ àlejò láti rìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Àdéhùn tí ogun dúró lé kò tíì pé oṣù márùn-ún, àríyànjiyàn sì wà lórí ohun tí ó túmọ̀ sí: àwọn Ìjẹ̀bú lóye rẹ̀ sí òwò, ìjọba Èkó lóye rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn. Àríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ ìwé ni iṣẹ́ ikọ̀. Pé ìjọba kan náà tí ó fi ọdún márùn-ún ronú kí ó tó rán ikọ̀ sí ogun tí ń pa ènìyàn ní Kírìjì ni ó fi oṣù mélòó kan péré rán Maxim sí Ìjẹ̀bú, èyí fi hàn pé kì í ṣe títóbi ìwà ibi ni ó ń pinnu ìgbà tí ìbọn yóò dún. Ohun tí ó ti yí padà láàárín 1881 àti 1892 ni pé Faransé àti Jámánì ti ń pín ilẹ̀ Áfíríkà, Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ gbẹ́yìn.

Ẹ̀rí kan sì tún wà tí àwọn olùyìn ogun kì í sábà mẹ́nu bà. Abẹ́òkúta, tí ó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1893 láìsí ogun, ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ títí di 1914. Ọ̀yọ́ náà fọwọ́ sí àdéhùn láìsí ogun, síbẹ̀ Captain Bower yin àgbá lù ú ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Àlàáfíà tí òjìji ìbọn mú wá kò dáàbò bo ẹni tí ó gbà á. Ìfẹ́ inú ẹni tí ó ni ìbọn ni ó ń dáàbò bò ó.

6. Ìfiwéra

Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta ti ìbẹ̀rẹ̀ wọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí, àwọn kókó kan jáde. Lórí ìpè, ìpè tí ó ti ọ̀dọ̀ ìhà kan ṣoṣo nínú ìjà wá sọ olùrànlọ́wọ́ di ọmọ ogun ìhà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èkó. Ìpè tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ìlàjà, tí àwọn ìhà méjèèjì sì gbà, ni ó bí àlàáfíà tí ó ní gbòǹgbò. Ní Ìjẹ̀bú, kò sí ẹnikẹ́ni nílé tí ó pe ẹnikẹ́ni.

Lórí ìgbìyànjú, ọjọ́ márùn-ún ní Èkó àti oṣù mélòó kan ní Ìjẹ̀bú kò tó ohun tí a lè pè ní ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré, nítorí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ jagun ni ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu òun. Ìtàn ní ọ̀nà tí ó fi lè yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò: kí a ka ọjọ́, kí a sì wo ẹni tí wọ́n rán. Ẹni tí ó rán àlùfáà tí ó gbọ́ èdè fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹni tí ó rán ọ̀gá ọkọ̀ ogun ti mọ èsì tí ó fẹ́.

Lórí ẹni tí ó kù tí ó ń pàṣẹ, Èkó lọ ní 1861, Ìjẹ̀bú lọ ní 1892. Òótọ́ ni pé àwọn tí a là ní Kírìjì náà bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1893 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ikọ̀ 1886 sì la ọ̀nà fún Carter, bí wọ́n tilẹ̀ lè má mọ̀. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ìlàjà mọ́ tónítóní tí ogun sì dọ̀tí. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ìlàjà fi ohun kan sílẹ̀ fún onílé: òmìnira Èkìtì kúrò lọ́wọ́ Ìbàdàn kò ti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ni ó fún wọn.

Níbo, nígbà náà, ni ipá lè ti tọ́? Ẹ̀rí yìí kò sọ pé kò tọ́ rárá. Ọkọ̀ tí ó dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun ní 1822, tí ó tú àwọn tí a dè sílẹ̀, tí kò sì gba ìlú ẹnikẹ́ni, ṣe ohun tí kò sí ikọ̀ tí ó lè ṣe lọ́jọ́ náà. Ipá bẹ́ẹ̀ ní ààlà: ó mọ ẹni tí ó fẹ́ gbà là, ó gbà á là, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí níbẹ̀. Ipá tí kò ní ààlà ni ó ń di ìjọba.

7. Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé láàárín 1851 àti 1893, ìdásí tí ó ti ẹnu ikọ̀ wá so èso tí ó pẹ́ ju èyí tí ó ti ẹnu àgbá wá, bí ó tilẹ̀ lọ́ra, tí ó sì ní àléébù. Pé ìrànlọ́wọ́ kò lè dúró níbi tí ẹni tí ń ṣe é ti ń di ìbọn mú ní ọwọ́ kejì. Àti pé ìbọn, níbi tí ó ti wúlò, wúlò nítorí pé ó mọ ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n mẹ́ta tí a lò níhìn-ín ṣeé gbé lọ síbòmíràn. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn Liberia láti 1990, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú ti lọ kú sí, lè béèrè ẹni tí ó pè wọ́n, bí ọ̀rọ̀ ti pẹ́ tó, àti ẹni tí ó kù tí ó ń pàṣẹ nígbà tí wọ́n padà bọ̀.

Iṣẹ́ ṣì kù. Ohùn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tí ó sọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí ni ohùn gómìnà, míṣọ́nárì àti ìjòyè. Ìtàn àwọn obìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ Kírìjì, ti àwọn ẹrú tí wọ́n wà ní Èkó ní ọjọ́ tí àgbá dún, àti ti àwọn mẹ̀kúnnù Ìjẹ̀bú tí wọ́n sin òkú wọn ní Ìmàgbọn, ni yóò sọ bí ìdájọ́ yìí yóò ti dúró tó. Àwọn ni ọ̀ràn ẹni tí ó tọ́ àti ẹni tí kò tọ́ ti kọ́kọ́ dé sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn.